Ọmọ gíráfíìkì tó bá mi tún ìwé ìtọ́jú ọkàn ṣe ní Mọ́kọ́lá

Olùdámọ̀ràn ni mí n'Ìbàdàn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wúwo la jọ ń jókòó sọ̀rọ̀. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni mo kó àwọn ìwé tí mo máa ń fún wọn mú lọ sílé lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe gíráfíìkì ní Mọ́kọ́lá. ₦35,000 ló gbà fún ojú ìwé mẹ́fà.

Èyí tó ń dà mí láàmú jù ni ìwé àkọsílẹ̀ ìrònú, níbi téèyàn ti ń kọ ohun tó ń rò sílẹ̀ nígbà tọ́kàn rẹ̀ bá dàrú. Inú ọ̀nà ìtọ́jú tí Aaron Beck, dókítà àrùn ọpọlọ, dá sílẹ̀ l'Amẹ́ríkà ló ti wá. Fọ́tòkọ́pì ògbólógbòó ni tèmi: òpó méje, lẹ́tà tíntìntín, Gẹ̀ẹ́sì látòkè délẹ̀. Bí mo ṣe fún wọn ni wọ́n ń dá a padà, òfìfo. Èmi rò pé wọn ò fẹ́ ṣe é ni.

Ọmọ yìí sọ òpó méje di mẹ́rin: kí ló ṣẹlẹ̀, kí lo rò, báwo ló ṣe rí lára rẹ, kí lo wá ṣe. Níbi tí wọ́n ti ń ní kéèyàn fi nọ́ńbà díwọ̀n ìbẹ̀rù rẹ̀, láti 0 dé 100, ìkòkò omi ló yà síbẹ̀. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ (mo gbàyè lẹ́nu wọn kí n tó kọ èyí) fi báírò kun ìkòkò náà dé ọrùn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ débi pé ìwé fẹ́ ya. Lọ́sẹ̀ kejì, ìdajì ni wọ́n kùn. Wọ́n fìka lé ibi tó ṣófo lókè, wọ́n ní, "Ẹ wò ó, mo ti ríbi mí sí."

Àmọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó gbé wá dùn mí. Àwòrán obìnrin tó káwọ́ lérí, tó ń sunkún, ló fi síwájú. Ẹni tí kò tíì lè sọ fún ará ilé rẹ̀ pé òun ń wá sọ́dọ̀ mi, ṣé irú ìyẹn ló máa kì bọ báàgì? Ó yọ ọ́ láìjiyàn.

Lẹ́tà ló wá le jù. Èyí tó yàn ò gba àmì ohùn, "ẹ̀rù" di "eru" lásán. Ṣé ẹrù ni, àbí ẹrú? Ìgbà tá a bọ́ sí irú lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní Noto Sans, tí Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ni gbogbo àmì tó jókòó.

PHQ-9, ìbéèrè mẹ́sàn-án tá a fi ń yẹ ìrẹ̀wẹ̀sì wò, mo ní kó má yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Kò yí i, àmọ́ ó ti ìbéèrè kẹsàn-án sísàlẹ̀ pátápátá, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì sì gé e. Ìbéèrè yẹn gan-an ló ń wádìí bóyá èèyàn ń rò pé ikú sàn fóun. Ara mi bù máṣọ. Ọjọ́ yẹn náà ló tún un ṣe, kò gba kọ́bọ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára, màá sì tún lò ó. Kí ẹ ṣáà jókòó tì í. Ìwé nípa oorun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Mo ti ní kó fọ́tòkọ́pì rẹ̀ ní dúdú àti funfun fún mi kí n tó sanwó.