Páálí ìdẹ edé tó ti Faransé wá bá mi ní Àjàṣẹ́

Aránṣọ ni mí, nítòsí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Bó bá di ọjọ́ Àìkú, ọ̀sà ni ẹ ó ti rí mi pẹ̀lú ọ̀pá oparun mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Faransé mọ̀ bẹ́ẹ̀, ló bá ra páálí kan fi ránṣẹ́ sí mi: ohun èlò tí à ń fi so ìdẹ tó jọ edé mọ́ ìwọ̀ ló wà nínú rẹ̀. 45 yúrò ló rà á, nǹkan bí 29,500 sẹ́fà. Ó ní, "Tọ̀ńtọ̀n, ẹ mọ òwú, ẹ mọ ẹja. Ẹ bá mi dán èyí wò."

Edé tí wọ́n ń sọ kọ́ lèyí tí à ń lọ̀ sọ́bẹ̀ o. Écrevisse ni: inú omi tí kò níyọ̀ ló ń gbé, ó sì ní ọwọ́ ńlá méjì bíi ti akàn. Kò sí i nínú odò Áfíríkà láti àdáyébá, àfi ní Madagascar; èyí tó wà ní adágún Naivasha ní Kẹ́ńyà, èèyàn ló kó o débẹ̀. Ẹja bass àti trout ló fẹ́ràn rẹ̀, a ò sì ní ọ̀kankan nínú méjèèjì lọ́sà wa. Trout gan-an, omi tútù ló ń gbé. Omi tiwa yìí á sè é láàyè. Ṣùgbọ́n òbòkún kì í kọ edé, torí náà mo jókòó tì í.

Ohun tó wà nínú páálí: ìwọ̀ 20, irin kékeré tí à ń dè mọ́ etí tábìlì kó lè di ìwọ̀ mú, awọ ehoro tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú irun lára, ìyẹ́ adìẹ, òwú, ẹsẹ̀ rọ́bà, àti òjé kéékèèké tó dà bí ojú méjì tí wọ́n so pọ̀.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ dùn mọ́ mi. Bí ẹ̀rù bá ba écrevisse, ẹ̀yìn ló ń sá sí: á ká ìrù rẹ̀ sábẹ́ ikùn, á sì fò sẹ́yìn. Nítorí náà, ibi tí ìwọ̀ ti tẹ̀ lẹ máa so ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ìrù á wá wà níbi tí okùn wà. Bí ẹ bá fà á, ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ni yóò máa bọ̀. Òjé náà, ẹ̀yìn ìwọ̀ lókè lẹ máa gbé e lé, lẹ́bàá ihò okùn. Bó bá bọ́ sómi, òjé á fà á dojú dé, ẹnu ìwọ̀ á wá kọjú sókè.

Mo wé òjé náà ní àgbélébùú, mo sì fi òwú yí ìdí rẹ̀ ká, bí a ṣe ń so bọ́tìnì kóòtù. Òwú inú páálí já lẹ́ẹ̀mẹta lọ́wọ́ mi. Mo jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo mú òwú tí mo fi ń ṣẹ́ etí ṣòkòtò, ọ̀rọ̀ sì tán. (Àwa tí a máa ń fi eyín gé òwú, ẹ ṣọ́ra: òjé kì í ṣe ohun tí à ń fi sẹ́nu.) Ìwé inú páálí ní kí ọwọ́ edé tí a fi awọ ehoro ṣe gùn tó ìwọ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń yí nínú omi bí òkòtó, okùn mi lọ́ pọ̀. Mo gé e sí ìdajì, ó rọlẹ̀. Awọ pupa tó pọ̀ jù níbẹ̀ náà, àwọ̀ edé tó ti jinná ni lójú mi. Ọ̀pọ̀ wọn láàyè, bí ilẹ̀ àti ewé gbígbẹ ni wọ́n rí. Èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ni mo lò.

Ẹ̀bá àkájà (ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja ń rì sómi kí ẹja lè máa wá síbẹ̀), lọ́nà Aguégués, ni mo ti dán an wò. Ẹ mọ bí ẹ̀ka igi àkájà ṣe ń jẹ ìwọ̀ wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìwọ̀ ekòló mi há lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sì pàdánù méjì. Ìdẹ edé yìí há lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì tú. Mo jẹ́ kó balẹ̀, mo fà á díẹ̀, mo dúró, mo tún fà á. Òbòkún méjì gbé e. Epìyà ò tiẹ̀ yà sí i. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín: "Bàbá aránṣọ, ẹ ti wá ń ránṣọ fún ìwọ̀!"

Ibi tó ti bí mi nínú rèé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo ìwọ̀ tí mo lò fi dógùn-ún. Omi ọ̀sà wa níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìgbà tí odò Ouémé bá kún ni iyọ̀ rẹ̀ ń dínkù. Ìwọ̀ odò tí kò níyọ̀ ni wọ́n kó sínú páálí, wọn ò sì kọ ọ́ síbì kankan. Ìwọ̀ tí kì í dógùn-ún tí mo rà lọ́jà ni mo wá ń so ìdẹ sí báyìí.

Èmi ò ní fi 29,500 ra páálí yìí. Irin adìwọ̀mú dára, òjé dára, ìyókù wà nílé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ nípàrí ọdún, mo sì ti ránṣẹ́ sí i pé kó ra òjé nìkan bọ̀. Àkùkọ ìyàwó mi ní ìyẹ́ tó pọ̀, bí a bá ti lè mú un.