Oṣù 14 pẹ̀lú páwà páàkì Seasonic Focus GX-650 ní Àkúrẹ́: òun ló yẹ kí n kọ́kọ́ rà

Oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni mo ra páwà páàkì yìí, ẹ̀yà tó ń gba iná ògiri tó sì ń pín in fún gbogbo inú kọ̀ǹpútà, láti fi gbé graphics card RTX 3060 (káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù sójú ẹ̀rọ) tí mo ti rà ní oṣù méjì ṣáájú. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe mi wà. Owó tó yẹ kí n pín sí méjì ni mo kó lé káàdì nìkan lórí.

Ọdún 2019 ni mo to kọ̀ǹpútà mi pọ̀ nílé wa ní Òbá-Ilé. Ryzen 5 2600 ni ọpọlọ rẹ̀, GTX 1050 Ti ni káàdì rẹ̀. Àpótí tí mo rà ti ní páwà páàkì nínú, wọ́n kọ "500W" gàdàgbà sí i lára. Ọdún márùn-ún gbáko, kò yọ mí lẹ́nu. Ó ṣe tán, 75W péré ni 1050 Ti ń jẹ, ara mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, níbẹ̀ ló sì ti ń gbà á. Tèmi ò tilẹ̀ ní ojú tí wọ́n ń fi wáyà sí. Ẹni tí wọn ò tíì gbé ẹrù lé lórí, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ọrùn rẹ̀ le?

Ti RTX 3060 yàtọ̀. 170W ni tirẹ̀, ó ń fẹ́ wáyà iná tirẹ̀ tó ní ẹnu mẹ́jọ (8-pin), Nvidia tó ni ín fúnra wọn sì ní kí èèyàn ní páwà páàkì 550W. Mo ka èyí kí n tó rà á. Mo bi ọmọkùnrin tó ta tòkúnbọ̀ rẹ̀ fún mi léèrè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, 500 ti tó. Ẹ fọkàn balẹ̀, adápítọ̀ wà." Páwà mi ò ní wáyà 8-pin, ló bá fi adápítọ̀ so wáyà Molex méjì, irú wáyà iná àtijọ́ inú kọ̀ǹpútà, pọ̀. Owó ti tán lọ́wọ́ mi, mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ dùn. Àbúrò mi tó wà ní FUTA kì í fẹ́ padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì mọ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, bí ogun inú géèmù bá ti gbóná, tí iná àti èéfín bo gbogbo ojú ẹ̀rọ, kọ̀ǹpútà á kàn kú lójijì, á tún tan fúnra rẹ̀. Bí mo bá ń wo fíìmù tàbí tí mo ń tẹ̀wé, kò ní ṣe nǹkan kan. Mo fẹ̀sùn kan Windows, mo tún un gbé sórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo fẹ̀sùn kan káàdì. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé káàdì kì í jẹ iná ní dọ́gbadọ́gba: láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lè fà ju 170W lọ dáadáa kó tún rọlẹ̀, páwà tó ti rẹ̀ ò sì lè gba irú ìfà òjijì bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ Sátidé kan, àbúrò mi wà nídìí ẹ̀rọ, a kàn gbọ́ "pòó!" Òórùn nǹkan jíjó gba yàrá kan. "Bọ̀dá mi, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan o!" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé páwà nìkan ló kú, kò mú káàdì lọ.

Mo gbé òkú rẹ̀ tọ bàbá kan tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Arákàlé lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u fúnra yín nílé. Kápásítọ̀ ńlá inú rẹ̀, ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná pamọ́, lè di iná tó ju 300V mú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára ògiri, ó sì lè pa èèyàn. Bàbá kọ́kọ́ fa iná inú rẹ̀ gbẹ, kí wọ́n tó nàka síbì kan fún mi: "Wá wo èyí, ọmọ mi. Pẹrẹsẹ ló yẹ kí orí rẹ̀ rí. Wo bó ṣe wú bí àkàrà." Mẹ́ta ló wú bẹ́ẹ̀, omi inú wọn ti jò, ó gbẹ mọ́ bọ́ọ̀dù bí oje igi. Wọ́n ka ooru tó lè fara dà tí wọ́n kọ sára ọ̀kan: 85°C. Wọ́n wá ní kí n ka ìwé ara páwà náà fúnra mi. Lábẹ́ +12V, 25A ni mo bá (A ni ìwọ̀n iná tó lè ṣàn gba ibẹ̀). 12 lọ́nà 25, 300 nìyẹn. Orí 12V yìí sì ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà àti káàdì ti ń jẹun. Nínú 500W gàdàgbà tí mo ń wò láti ọdún márùn-ún, 300W ló wà fún ohun tí mo nílò, nígbà tó ṣì tuntun pàápàá.

Ooru ló ń pa á. Omi inú kápásítọ̀ wọ̀nyẹn máa ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, ìṣirò tí àwọn onímọ̀ iná sì máa ń lò ni pé bí ooru bá fi 10°C lé, ẹ̀mí rẹ̀ á dín sí ìdajì. Èyí tí wọ́n ní ó lè lo wákàtí 2,000 ní 105°C, á lo bíi 32,000 bí ooru ibẹ̀ bá jẹ́ 65°C. Fún ẹni tó ń lo ẹ̀rọ fún wákàtí 8 lójúmọ́, ọdún bíi 11 nìyẹn. Bí ooru bá dé 85°C, wákàtí 8,000 ni, kò sì ní pé ọdún 3. Ẹ wá fi ooru oṣù kejì Àkúrẹ́ kún un, nínú yàrá tí kò ní ẹ́síì, pẹ̀lú ẹruku ọyẹ́ tó ti dí fáànù. Iná tí kò kún náà ń dá kún un. Ẹ̀rọ tó ń fa 300W lára ògiri, 1.3A ló ń gbà ní 230V. Bí iná bá rọ̀ sí 160V, bó ṣe máa ń rí ládùúgbò wa lálẹ́, ó di bíi 1.9A, inú rẹ̀ á sì túbọ̀ gbóná.

Ní ti Seasonic yìí, 54A ló wà lábẹ́ +12V rẹ̀. 648W nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 650 tí wọ́n kọ. Kápásítọ̀ Japan tó ń gba 105°C ló wà nínú rẹ̀. Mo mọ ìyàtọ̀ láti ìgbà tí mo ti gbé e lọ́wọ́: ó wúwo, ti àtijọ́ fúyẹ́ bí páálí. Nígbà tí sitébíláísà mi wà lọ́wọ́ atúnṣe, ara ògiri tààrà ni mo fi í sí fún ọjọ́ mẹ́rin. Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ sílẹ̀ débi pé gílóòbù ìta di pupa, géèmù ò kú.

80 Plus Gold tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ẹ̀mí gígùn o. Iye iná tó ń ṣòfò ló ń sọ: tí ẹrù bá dé ìdajì, ó kéré tán 90 nínú 100 iná tó gbà ló ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, èyí tó kù á di ooru. Bọ́tìnnì Hybrid wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń dá fáànù dúró bí iṣẹ́ ò bá pọ̀. Mo ti pa á. Nínú ooru tiwa níbí, mo fẹ́ kí fáànù náà máa yí.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni wáyà ńlá 24-pin rẹ̀ tó ń lọ sára mọ́dábọ́ọ̀dù, ó le gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà mí ní wákàtí kan kó tó tẹ̀ síbi tí mo fẹ́. Àwọn wáyà rẹ̀ ṣeé yọ, ṣùgbọ́n ẹ má fi wáyà páwà mìíràn sí i, bó ti wù kó wọlé tó. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìjàpọ̀ dán irú rẹ̀ wò pẹ̀lú páwà tirẹ̀, iná 12V gba ibi tó yẹ kí 5V gbà, hard disk rẹ̀ bá a lọ pẹ̀lú gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀. Kò sì sí páwà tó ń gba èèyàn lọ́wọ́ àrá. Bí òjò bá ti ṣú, mo máa ń yọ ọ́ lára ògiri.

₦145,000 ni mo rà á, káàdì jẹ́ ₦390,000. Ó dùn mí nígbà náà, kò dùn mí mọ́. Àbúrò mi ti ń sọ̀rọ̀ RTX 4070 báyìí, 200W ni ìyẹn, 650W sì ni Nvidia ní kí páwà rẹ̀ jẹ́, nítorí náà owó káàdì nìkan la máa wá. Ọdún 10 ni wáràńtì Seasonic yìí. Bí ó bá bàjẹ́, èmi ni màá fi ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á fún mi l'Ékòó, lówó ara mi. Mo ti fi rísíìtì rẹ̀ sínú fáìlì tí ìwé ilẹ̀ wa wà, mo sì kọ 2034 sí ẹ̀yìn rẹ̀.