Ilé ọ́fíìsì tó ti gbó: ká tún un ṣe ni, àbí ká wó o?

Àwọn tó ni ilé alájà púpọ̀ n'Ìbàdàn àti Èkó kì í yé béèrè èyí.

Ní ti èéfín tó ń mú ayé gbóná, àtúnṣe ló borí. Sìmẹ́ńtì nìkan ló ń fa bí ìdá 7 sí 8 nínú 100 èéfín kábọ́ọ̀nù tí aráyé ń tú sáfẹ́fẹ́, ìpìlẹ̀, òpó àti dẹ́kì ló sì ń jẹ sìmẹ́ńtì jù. Ẹni tó wó ilé da gbogbo rẹ̀ nù, yóò tún ra òmíràn.

Ní ti owó, àtúnṣe sábà máa ń dínwó, àmọ́ ó máa ń báni lójijì: o ṣí àjà, o bá wáyà tó ti jó. Ilé tuntun wọ́n, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ dájú díẹ̀.

Èmi fẹ́ràn àwọn ilé ọdún 1960. Fèrèsé wọn fẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, ó ń gba òdìkejì jáde. Àwa la wá fi gíláàsì dí i pa, tá a gbé ẹ̀rọ amúlétutù kọ́ ọ, tí omi rẹ̀ ń ro sára ògiri títí ògiri fi dúdú. Ṣí fèrèsé yẹn padà, kun òrùlé ní funfun, gbé sólà sí i, jẹnẹrétọ̀ á sinmi.

Iná jó Cocoa House ní 1985. Wọn ò wó o, wọ́n tún un ṣe, ó ṣí padà ní 1992.

Tí àyẹ̀wò ẹnjiníà bá fi hàn pé òpó ṣì le, tún un ṣe. Tí ìpìlẹ̀ bá ti ń rì, tí irin inú òpó ti dípẹtà wọnú, wó o kó tó pa èèyàn.