Ẹtanóòlù nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ asáré: tíúnì E85 nìkan, flex fuel, tàbí àdàlù E30?

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń tà fún ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ asáré rẹ̀ máa lo ẹtanóòlù, ìyẹn ọtí tí wọ́n ń lò bí epo ọkọ̀. Àkọ́kọ́ ni tíúnì (ètò tí kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ń tẹ̀ lé) tó mọ E85 nìkan; nọ́ńbà tó tẹ̀ lé E ló yẹ kó jẹ́ ìdá ẹtanóòlù nínú ọgọ́rùn-ún epo náà, ìyókù sì jẹ́ pẹtiróòlù. Èkejì ni flex fuel, tó ń gba pẹtiróòlù àti E85 bó ti wù kí wọ́n pàdé nínú táńkì. Ẹ̀kẹta ni E30, tí awakọ̀ fúnra rẹ̀ ń dà pọ̀. Flex fuel ni mo fọwọ́ sí fún ọ̀pọ̀ èèyàn, màá sì sọ ìdí rẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ sanwó lé lórí.

Ẹtanóòlù kì í tètè gbiná fúnra rẹ̀ nínú sílíńdà bíi ti pẹtiróòlù. Nítorí náà, tuner, ìyẹn ẹni tó ń ṣe tíúnì, lè jẹ́ kí púlọ́ọ̀gì ṣáná ṣáájú, ó sì lè fi kún afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń tì wọlé, láìjẹ́ pé písítìn fara gbá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ẹtanóòlù bá ń di oru, ooru tó ń fà mọ́ra ju ìlọ́po méjì ti pẹtiróòlù lọ. Afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì á tutù, á sì ki. Ibẹ̀ ni agbára ti ń wá. Koenigsegg Jesko ń mú agbára ẹṣin (hp) 1,280 wá lórí pẹtiróòlù, ó sì ń dé 1,600 lórí E85. Dodge Demon 170 ń mú 900 wá lórí E10 àti 1,025 lórí E85. Ẹ kíyè sí i pé ọkọ̀ méjèèjì ló ní ohun tó ń ti afẹ́fẹ́ wọlé tipátipá. Bí ẹ́ńjìnnì tiyín bá ń fa afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀, èrè ibẹ̀ á kéré. Táyà tó dáa á wúlò fún yín ju tíúnì yìí lọ.

Ohun tí àwọn olùtà kì í tètè mẹ́nu bà ni bí epo náà ṣe ń lọ tó. Pẹtiróòlù ń fẹ́ kìlò 14.7 afẹ́fẹ́ fún kìlò epo kan. E85 kò fẹ́ ju nǹkan bí 9.8 lọ. Èyí túmọ̀ sí pé epo tí pọ́ǹpù àti ínjẹ́tọ̀ (ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì) gbọ́dọ̀ gbé á fi nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, bí a bá fi lítà wọ̀n ọ́n. Bí wọn kò bá lè gbé e, epo á dín lójú eré, ibẹ̀ sì ni ẹ́ńjìnnì ti ń bàjẹ́. Nítorí náà, iye tí wọ́n bá pè fún tíúnì nìkan kì í ṣe gbogbo owó. Ẹ ka pọ́ǹpù, ínjẹ́tọ̀, àti ọ̀pá epo tí ẹtanóòlù kò lè bà jẹ́ mọ́ ọn.

E85 nìkan. Òun ló rọrùn jù láti ṣe, nítorí epo kan ṣoṣo ni tuner ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Fún ọkọ̀ tí kì í kúrò ní pápá eré, tí epo rẹ̀ ń jáde láti inú àgbá kan náà, ó dára gan-an. Lójú títì, mi ò fẹ́ ẹ. Orúkọ E85 kò ní kí ẹtanóòlù inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 85: ní Amẹ́ríkà, òfin epo náà fàyè gba ẹtanóòlù ìdá 51 sí 83, ó sì máa ń dín ní ìgbà òtútù kí ọkọ̀ lè tètè ṣíná. Tíúnì tí kò mọ̀ pé epo ti yí padà á ṣì máa ṣáná bí ẹni pé ẹtanóòlù pọ̀. Bí ẹnì kan bá wá ṣèèṣì da pẹtiróòlù lásán sí i, písítìn ló máa fojú winá.

Flex fuel. Sẹ́ńsọ̀ kan wà lójú ọ̀nà epo tó ń ka iye ẹtanóòlù. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ń fi àmì iná 50 Hz sọ pé kò sí ẹtanóòlù rárá, 150 Hz sì ni ẹtanóòlù pọ́ńbélé. Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì á gba iye yẹn, á wá tún iye epo, àkókò iná púlọ́ọ̀gì àti agbára tọ́bò ṣe. Ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mejì ni tuner máa gbé ọkọ̀ sórí dyno, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ọkọ̀. Owó yẹn tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ohun méjì tí wọ́n ń fi orúkọ yìí tà. Ọ̀kan ni sẹ́ńsọ̀ tó kàn ń fi nọ́ńbà hàn lójú fóònù, tí kò bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Èkejì ni àpótí kékeré tó ń mú kí ínjẹ́tọ̀ pẹ́ ní ṣíṣí, tí kò fọwọ́ kan iná púlọ́ọ̀gì. Ọkọ̀ á lè rìn lórí E85, ṣùgbọ́n agbára tí ẹ torí rẹ̀ wá kò ní sí níbẹ̀.

E30. Ẹ́ńjìnnì tó ń fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà ló dára fún jù, nítorí pọ́ǹpù alágbára rẹ̀ kì í sábà lè gbé E85 odidi, pípààrọ̀ rẹ̀ sì wọ́n. Ní táńkì lítà 60, lítà 16 E85 àti 44 E10 ló ń fúnni ní E30, bí E85 náà bá jẹ́ 85 lóòótọ́. Bó bá jẹ́ 60 ló wà nínú rẹ̀, E23 lẹ ó ní. Ẹ ra ìgò ìdánwò ẹtanóòlù, kò wọ́n, kí ẹ sì máa lò ó kí ẹ tó dà wọ́n pọ̀.

Nínú gbogbo rẹ̀, ẹ máa tètè pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ má sì fi ọkọ̀ tó kún fún E85 sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀, torí ẹtanóòlù ń fa omi mọ́ra.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí tuner fi àkọsílẹ̀ ọkọ̀ kan irú tiyín hàn yín, ti pẹtiróòlù àti ti E85. Ẹ wo ìfúnpá epo níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń yí jù, kí ẹ sì wo bí ínjẹ́tọ̀ ṣe ń pẹ́ tó ní ṣíṣí. Bó bá ti kọjá ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò tó ní, ínjẹ́tọ̀ tó tóbi sí i lẹ kọ́kọ́ nílò, tíúnì lè dúró di ìgbà mìíràn.