Ọdún mẹ́ta tí a ti ń lo GitHub ní Yábàá

Àwa mẹ́fà ni a jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan lẹ́bàá Sábó ní Yábàá, níbi tí a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn aláṣọ ọjà Balógun fi ń ka ọjà tí ó kù nílẹ̀ àti gbèsè tí oníbàárà jẹ wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀, orí WhatsApp àti inú fláàṣì ni a ti ń gba kóòdù, ìyẹn àwọn ìlà àṣẹ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà, lọ́wọ́ ara wa, títí di ọjọ́ tí mo fi fáìlì àtijọ́ bo iṣẹ́ ọjọ́ méjì tí ẹlòmíràn ti ṣe mọ́lẹ̀, tí a kò sì rí i mọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni a kó gbogbo iṣẹ́ wa lọ sórí GitHub.

Git ọ̀tọ̀, GitHub ọ̀tọ̀. Git ni irinṣẹ́ tí ń tọ́jú ìtàn kóòdù. Linus Torvalds, ẹni tí ó dá Linux, ètò ìpìlẹ̀ tí ń darí kọ̀ǹpútà, sílẹ̀, ni ó kọ ọ́ ní ọdún 2005, nígbà tí àwọn tí ó ni BitKeeper, irinṣẹ́ tí àwọn tí ń kọ Linux ń lò tẹ́lẹ̀, gba àǹfààní ọ̀fẹ́ kúrò lọ́wọ́ wọn. GitHub jẹ́ ilé iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008, tí ó gbé Git sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ lò ó. Ìyàtọ̀ yìí ṣe ará Èkó láǹfààní, nítorí pé gbogbo ìtàn iṣẹ́ náà wà lórí kọ̀ǹpútà oníkálukú: bí dátà bá tán, tàbí tí wọ́n bá mú iná lọ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì bá a lọ, a ó ṣì máa fi iṣẹ́ pamọ́ ní ẹsẹẹsẹ títí bátìrì yóò fi kú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìpamọ́ ni mo torí rẹ̀ yin GitHub. Ohun tí ó yí ìwà wa padà ni pull request, níbi tí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tirẹ̀, ìyẹn ẹ̀dà kóòdù tí ó yà sọ́tọ̀, ti ń gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀ kí ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò, kí a tó dà á pọ̀ mọ́ ojúlówó, ẹ̀dà tí gbogbo wa jọ ń lò. Àgùnbánirọ̀ kan wà láàrin wa tí kò lè la ẹnu sọ fún ọ̀gá wa lójúkojú pé ó ṣe àṣìṣe. Lọ́jọ́ kan, ó kọ ọ́ sábẹ́ ìlà kan nínú kóòdù ọ̀gá pé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí oníbàárà bá san owó lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan náà, ǹjẹ́ ìlà yìí kò ní ka ìkejì mọ́ ti àkọ́kọ́?” Ọ̀gá wò ó, ó rí i pé òótọ́ ni, ó dúpẹ́, ó sì tún un ṣe.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ní ewu tirẹ̀, nítorí pé ojú lọ̀rọ̀ wà, kò sì sí ojú nínú ohun tí a kọ sílẹ̀. Ẹnìkan kọ “Èyí kò dára” láìsọ ìdí, ẹni tí ó kọ ọ́ sí kò sì bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Láti ìgbà náà, a ti fẹnu kò pé ẹni tí ó bá rí àléébù gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀, àti pé bí ọ̀rọ̀ bá lọ tí ó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. A tún ń gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, torí pé kò sí ẹni tí í ka ẹgbẹ̀rún ìlà. Approve, bọ́tìnnì ìfọwọ́sí, ni yóò kàn tẹ̀. Èmi náà ti tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, àwọn aláṣọ ni ó sì bá mi rí àṣìṣe náà.

Ní ti owó, láti ọdún 2020 ni iye ènìyàn tí ó bá wù wá ti lè jọ lo ibi ìpamọ́ ìkọ̀kọ̀, tí ará ìta kò lè rí kóòdù inú rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Kọ́kọ́rọ́ tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da kóòdù sínú ojúlówó láìṣe àyẹ̀wò kò sí lára ọ̀fẹ́ náà, dọ́là sì ni wọ́n fi ń ta á. Fún ẹgbẹ́ tí ó bá ju ènìyàn méjì lọ, mo gbà pé kí wọ́n lo GitHub, kódà bí wọn kò bá lè san owó kọ́kọ́rọ́ náà. Àdéhùn ẹnu ni àwa fi dípò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni a ti yẹ̀ ẹ́, ọ̀gá wa ni ó sì yẹ̀ ẹ́ nígbà méjèèjì.