Sitóòfù eléèédú onínú amọ̀ nínú ilé oko àtijọ́: ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe lásìkò ọyẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ ra sitóòfù yìí torí kó lè máa gbé e wọ yàrá sùn nígbà ọyẹ́, kó tọ́jú owó rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ nìyẹn, bí àwọn tó ń tà á tilẹ̀ ń fi polówó. Ṣùgbọ́n fún ìdáná, fún omi gbígbóná àràárọ̀, àti fún kí àgbàlagbà jókòó tì í yáná lábẹ́ fàráńdà, n kò tíì rí èyí tó dára tó o nínú ohun tí èèyàn lè gbé lọ sí oko tí iná mọ̀nàmọ́ná kò dé.

Ilé oko obì kan ní ìhà Ìkẹ́nnẹ́, nílẹ̀ Rẹ́mọ, ni mo ti lò ó. Ilé alámọ̀ ni, ògiri rẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 40, páànù ló wà lórí rẹ̀, àjà sì wà nínú yàrá méjì péré. Ọyẹ́ Rẹ́mọ kì í ṣe ọyẹ́ Jọs. Òkun kò jìnnà sí wa, nítorí náà òtútù tiwa kì í kọjá ìdájí, láti bí aago mẹ́rin títí oòrùn yóò fi ràn dáadáa. Ohun tó ń yọ èèyàn lẹ́nu jù ni gbígbẹ afẹ́fẹ́ àti eruku tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀: ètè á máa bó, ọ̀fun á máa ha, igi ilẹ̀kùn á súnkì. Ìyẹn ló fi yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ mọ ohun tí ilé fúnra rẹ̀ ń ṣe kó tó nawó sórí iná. Ògiri amọ̀ a máa gba ooru oòrùn sára lọ́sàn-án, a sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóru. Páànù ni kì í tọ́jú nǹkan kan. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú báyìí, ó ti tutù. Yàrá tó ní àjà nìkan ló ń móoru di òwúrọ̀. Ẹ ṣí fèrèsé ìhà ìwọ̀ oòrùn lọ́sàn-án, kí ẹ sì pa gbogbo fèrèsé yàrá dé kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá dúró di aago mẹ́jọ kó tó pa á dé, òtútù ló há mọ́lé.

Ní ti sitóòfù náà, àwọn wẹ́dà ló ń fi irin pẹlẹbẹ ṣe ara òde rẹ̀, wọ́n á wá fi amọ̀ sísun tẹ́ inú rẹ̀. Àwọn ará Kẹ́ńyà ti ń lo irú rẹ̀ láti àwọn ọdún 1980. Jiko ni wọ́n ń pè é. Nínú àdògán irin lásán tí gbogbo wa mọ̀, ooru ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde, ẹsẹ̀ ẹni tó ń dáná ni irin ń yan. Amọ̀ inú eléyìí kì í jẹ́ kí ooru sá lọ, abẹ́ ìkòkò ló ń darí rẹ̀ sí. Èyí tí mo lò fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30 lókè. Ibi tí èédú ń wọ̀ fẹ̀ ní 20, ó sì jìn ní 10. Irin mẹ́ta ló gbé ìkòkò dúró. Àwọ̀n irin ni èédú ń jókòó lé, eérú ń já sí ìsàlẹ̀, ilẹ̀kùn kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ yẹn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ilẹ̀kùn yẹn ni ọ̀gá gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣí i tán, iná á le. Ẹ dé e kù díẹ̀, iná á rọ̀. Bí kò bá ṣe é dé dáadáa, ẹ má rà á, torí ẹ ò ní lè kápá iná náà láéláé.

Lọ́jà, ẹ fi ìka kan inú amọ̀ rẹ̀. Amọ̀ tó sun dáadáa á dún bí àwo tánńganran, èyí tó ti sán nínú á dún bí pákó. Ẹ wo àárín amọ̀ àti irin: ó yẹ kí wọ́n ti fi eérú àti ẹrẹ̀ dí i pinpin. Ibi tó bá ṣófo níbẹ̀ ni amọ̀ ti máa mì tí yóò sì fọ́ nígbà tí wọ́n bá gbé ìkòkò ńlá lé e. Ẹ gbé e sílẹ̀ tó tẹ́jú kí ẹ rí i pé kò mì. Èyí tí wọ́n fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe lè fúyẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òjò kan ṣoṣo tí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ sí, ìpẹtà ti dé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ba tiwọn jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n rà á délé gan-an. Amọ̀ tuntun ṣì ní omi nínú. Bí iná ńlá bá bá a lójijì, omi yẹn á di ooru, á wá ọ̀nà jáde, amọ̀ á sì sán. Ẹ gbé e sínú oòrùn fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ fi èédú ẹ̀kúnwọ́ kan péré dá iná jẹ́jẹ́ sí i, láìgbé nǹkan kan lé e, kí ẹ jẹ́ kó kú fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ẹ ṣe é ní ìdajì. Ìgbà kẹta ni kí ẹ tó kún un. Ẹ má sì fi omi pa iná inú rẹ̀ láé. Omi tútù lórí amọ̀ gbígbóná, ìfọ́ ni.

Èédú ló ń jẹ́ kí sitóòfù kan náà dára lọ́wọ́ ẹnìkan kó sì burú lọ́wọ́ ẹlòmíì. Èyí tó ń ti Òkè-Ògùn wá, tí wọ́n fi igi ayìn sun, ló dára jù nínú èyí tí mo lò. Ẹ mú ẹyọ méjì lu ara wọn: èédú igi líle á dún ṣaworo, ti igi fẹ́lẹ́ á rún sọ́wọ́. Èyí tó bá ń ta pàrà pàrà nínú iná, omi ló ti fà. Ẹ má gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé alámọ̀, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ a máa fa ọ̀rinrin. Orí pákó ni kí ó wà. Èérún tó bá kù sí ìsàlẹ̀ àpò, ẹ má dà á sínú sitóòfù, ó máa dí ojú àwọ̀n ni, iná á sì máa kú. Èésan, ìyẹn èèpo èkùrọ́, pọ̀ nílẹ̀ wa, ó sì ń jó gan-an, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ kò kéré. Iná rẹ̀ tún le ju ohun tí àwọ̀n irin yìí lè gbà lọ. Ẹ fi sílẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ.

Láti tan án, ẹ to èédú wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ kí àyè wà láàárín wọn, ẹ fi ògùṣọ̀ tó tó ìkúùkù ọmọdé sí àárín, ẹ ṣáná sí i, kí ẹ tó wá kó èédú ńlá lé e díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ní ṣíṣí. Ìṣẹ́jú 15 sí 20 ni kó tó pọ́n. Kẹrosíìnì kò bójú mu rárá níbẹ̀: amọ̀ ń mu ún bí ilẹ̀ ṣe ń mu òjò, ọbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta á máa rùn ún.

Tí mo bá kún un, nǹkan bí gíráàmù 700 ló ń gbà. Pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ìdajì, ó ń lo wákàtí méjì, nígbà míì ó ń lé díẹ̀. Àdògán irin tó wà nílé náà tẹ́lẹ̀ ń jẹ tó kílò kan kó tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Omi lítà márùn-ún nínú ìkòkò tí a dé, bí èédú bá ti pọ́n tán, ń hó ní bí ìṣẹ́jú 25. Gáàsì yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí àní-àní. Ibi tí sitóòfù yìí ti lé gáàsì sẹ́yìn ni oúnjẹ tó fẹ́ iná tútù. Ìkọ́kọrẹ́ ni àpẹẹrẹ rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ọwọ́ já ewùrà tí ẹ rin sínú omi ọbẹ̀ tó ń hó, kò yẹ kí ẹ rò ó fún bí ìṣẹ́jú 15, kí kókó rẹ̀ má bàa yọ́ dànù. Lórí gáàsì, ìsàlẹ̀ ìkòkò á ti jó kó tó jiná. Lórí eléyìí, ẹ dé ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ kó ku ojú ìka kan, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ẹ̀wà náà dára lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ní láti fi èédú kún un lẹ́ẹ̀kan. Fún ebìrìpò púpọ̀ tàbí gàrí yíyan, ó ti kéré jù, agbada kò ní jókòó lé e.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí àgbéyẹ̀wò yìí gan-an nìyí. Èédú tó pọ́n kì í rú èéfín, èyí sì ló ń tan èèyàn jẹ. Ìgbà tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú yẹn náà ló ń tú carbon monoxide jáde. Gáàsì yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í sì í ta ojú bí èéfín igi. Ó máa ń gba ipò afẹ́fẹ́ ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Orí fífọ́, òòyì, èébì àti oorun tó wúwo ni àmì rẹ̀, ẹni tó bá sì ti sùn kò ní mọ àmì kankan mọ́. Àwọn kan ń gbé abọ́ omi sí ẹ̀gbẹ́ sitóòfù pé omi á fà á mu. Irọ́ ni. Omi kì í fà á. Fèrèsé tí a ṣí díẹ̀ kò sì tó nǹkan tí èèyàn lè gbọ́kàn lé lóru. Abẹ́ fàráńdà tàbí ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé tí ìhà méjì rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni ààyè rẹ̀. Kódà bó bá ń kú lọ, tó ku ẹyín iná bíńtín, ẹ má gbé e wọlé. Bí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ẹni tó jókòó tì í, kó jáde síta kíákíá, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù bí kò bá fúyẹ́.

Ooru tí ẹ fẹ́ ní yàrá, omi ni kí ẹ fi gbé e wọlé. Rọ́bà omi gbígbóná tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn ló dára jù. Ẹ jẹ́ kí omi fara balẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tó bá hó, ẹ má kún un ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ, ẹ fi táwẹ́lì wé e, kí ẹ sì fi sí ìdí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ní bí ìṣẹ́jú 20 kí ẹni náà tó sùn. Ike omi tí wọ́n ń tà lójú títì kò gba omi gbígbóná, ńṣe ló máa ká kò. Bíríkì sísun tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má lo òkúta odò: omi tó há sínú rẹ̀ lè mú kó bú gbàù. Ẹ tẹ́ ẹní sábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì bó bá jẹ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló wà, torí ìsàlẹ̀ ni òtútù ti ń wá ju òkè lọ. Bùláńkẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ méjì sàn ju ẹyọ kan tó nípọn.

Ògiri tó sán náà ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, àmọ́ ẹ má fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́. Sìmẹ́ǹtì àti amọ̀ kì í fa ara wọn mọ́ra, á bó pẹ́lẹ́bẹ́ lẹ́yìn òjò kejì. Amọ̀ irú tara ilé náà tí a gé koríko gbígbẹ sí ni kí ẹ lò: ẹ gbá eruku inú ojú sísán náà, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ dí i lẹ́ẹ̀mejì, kí ìpele àkọ́kọ́ gbẹ díẹ̀ kí èkejì tó dé. Ìparí oṣù Kọkànlá, kí ọyẹ́ tó dé gan-an, ni àkókò rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe é nínú ọyẹ́, á yára gbẹ jù, á tún sán. Àfi kí ẹ fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta.

Eérú nìyí o, ẹ má fojú kékeré wò ó. Nínú oko obì tàbí kòkó lásìkò yìí, ewé gbígbẹ ló bo ilẹ̀, ẹyín iná kan tó fara pamọ́ sínú eérú sì lè jó oko mẹ́ta. Ẹ kó o sínú korobá irin tó ní ìdérí, kó wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ bu omi sí i nínú korobá náà, kí ẹ tó dà á.

Àwọ̀n irin ló kọ́kọ́ bàjẹ́ nínú tèmi: àárín rẹ̀ tẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́rin, eérú sì bẹ̀rẹ̀ sí í dí i. Ẹ̀sùn mi sí ẹni tó ṣe é nìyẹn, irin tó lò kéré jù. Amọ̀ inú sán ní ojú kan tínínrín, mo fi ẹrẹ̀ tí a pò mọ́ eérú dí i, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń rà á, ẹ ní kí wẹ́dà gé àwọ̀n kejì fún yín láti ara irin tó tó mílímítà mẹ́jọ, kí ẹ sì gbé sitóòfù náà dání kó fi wọn ibẹ̀, torí kò sí méjì tí fífẹ̀ inú wọn bára mu.