Àgbéyẹ̀wò Chrome Music Lab fún kíláàsì orin ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Kétu, ní Benin

Ọ̀fẹ́ ni Chrome Music Lab, ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a fi ń kọ́ nípa orin. Kò béèrè orúkọ tàbí ìmeèlì, kò sì sí ìpolówó tó máa yọ sí àwọn ọmọ lójú. Google ló gbé e jáde ní 2016. Ohun èlò mélòó kan ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Song Maker, èyí tí a fi ń kọ orin, nìkan ló tó gbé kíláàsì ró.

Ilé kéékèèké ló kún ojú rẹ̀. Bí ohùn bá ṣe ga ni ilé rẹ̀ ṣe ga. Ìlà méjì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá jẹ́ ti ìlù. Ẹ fọwọ́ kan ilé, ó kun, ó sì dún. Ọmọ tí kò mọ nóòtì kankan á ti kọ orin kékeré síbẹ̀ kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń kọsẹ̀ ni pé wọ́n lò ó bí wọ́n ṣe bá a. Bí ẹ bá ṣe bá a, temps kọ̀ọ̀kan (“beat” ni wọ́n pè é níbẹ̀) pín sí méjì, ìlù agogo tiwa kò sì lè jókòó sínú ìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ tẹ Settings. Ẹ dín mesure (“bar”) mẹ́rin kù sí ẹyọ kan, ẹ fi temps mẹ́rin sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ wá pín temps kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta. Ilé 12 ló máa kù níbùú, iye ilé ọpọ́n ayò gan-an, àwọn ọmọ kì í sì í gbàgbé rẹ̀. Ní ti àkàbà ohùn, ẹ yan Pentatonic: dò, re, mí, sọ́ọ̀, láà. Ẹ parí gbogbo èyí kí ẹnikẹ́ni tó kun ilé kan, torí bí ẹ bá yí i padà lẹ́yìn náà, ohun tí wọ́n ti kùn lè ṣí nípò.

Lórí ìlà ìlù, ẹ kun ilé 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 12. Ìlù agogo tó wà ní ilẹ̀ Yorùbá títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Ewe, ẹ̀yà tó wà ní Togo àti Ghana, nìyẹn. Ẹ fa Tempo láti 120 wá sí nǹkan bíi 70, kí àtẹ́wọ́ lè bá a. Nínú ohùn ìlù, Blocks ló dára jù: ó gbẹ, ó ṣe kedere; Conga máa ń rì sínú sípíkà fóònù kékeré. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà láàárín 5 àti 6. Àwọn ọmọ á fi àlàfo sí i, wọ́n á kun 1, 3, 5, 7, 9, 11, ó sì di ohùn geere kan tí kò ní ibi tó yí sí. Ẹ jẹ́ kó yípo nígbà méjì kí ẹ tó ṣàtúnṣe, torí 12 àti 1 náà fara kanra, ìgbà tó bá yípo nìkan ni wọ́n á gbọ́ ọ.

Láìyí ohunkóhun padà, ilé 12 kan náà á kọ́ wọn ní àmì ohùn. Ọ̀rọ̀ kan fún temps kan, ìró méjì nínú ilé méjì, ilé kẹta á ṣófo. Ọkọ ti ìyàwó: re re. Ọkọ́ tí a fi ń ro oko: re mí. Ọkọ̀ tí a ń wọ̀: re dò. Ọ̀kọ̀ ọdẹ: dò dò. Kí ẹ pa ẹnu mọ́, kí Song Maker sọ ọ́, kí kíláàsì máa dá a mọ̀. Ọmọ tó ń sọ Yorùbá nílé ti mọ orin yìí tẹ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ ni kò tíì rí i.

Àmọ́ kò lè yọ́ ohùn. Gángan máa ń fà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, Song Maker á fò ó bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Spectrogram, ohun èlò mìíràn nínú Chrome Music Lab tó ń ya àwòrán ohùn, ló gba ìyẹn là: ẹ gbà kó lo gbohùngbohùn fóònù, ẹ lu gángan níwájú rẹ̀, ìlà tó tẹ̀ á hàn kedere. Ìlà ìlù méjì kò sì tó fún ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bí wọ́n ṣe ń lù ú ní Kétu. Ohùn ọ̀pá irin olórùka tí wọ́n fi ń kọ orin Àjógán ní Àjàṣẹ́ kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ gba ìyẹn sílẹ̀ sórí fóònù, tàbí kẹ́ ẹ gbé ọ̀pá náà fúnra rẹ̀ wá.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo bọ́tìnnì, kíláàsì wa sì ń ka Faransé. Bọ́tìnnì bíi márùn-ún ni wọ́n nílò. Ẹ kọ ìtumọ̀ wọn sójú pátákó.

Ẹ ṣí ojú ìwé náà, kí ẹ yan gbogbo ohùn tí ẹ máa lò, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì dára. Bó bá já lẹ́yìn náà, orin á ṣì máa dún, Save ni kò ní ṣiṣẹ́. Fún sípíkà, okùn ni kí ẹ lò, ẹ má lo Bluetooth: ohùn á pẹ́ lẹ́yìn ọwọ́, àwọn ọmọ á rò pé àwọn ni kò mọ ìlù. Bí iPhone bá dákẹ́ láìnídìí, ẹ wo bọ́tìnnì ìdákẹ́jẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Save máa ń fún yín ní líǹkì, ẹ sì tún lè gba orin náà sílẹ̀ bíi fáìlì WAV tàbí MIDI. Bí ẹ kò bá gba fáìlì sílẹ̀, tí ẹ sì sọ líǹkì nù, orin náà lọ nìyẹn. Ẹ fi líǹkì ránṣẹ́ sí WhatsApp ti ara yín lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹgbẹ́ tó kọ ọ́, torí ọ̀nà mìíràn kò sí láti mọ ti Kọ́láwọlé yàtọ̀ sí ti Àfúsá.